Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ògiri kẹ́ ẹ tó wo inú ẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé l'Ékòó yìí, ní Yaba, ní Ṣómólú, tẹ́ ẹ ń tún un ṣe bó ṣe wù yín. Ọ̀rọ̀ kan ni ò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ àbúrò mi kan ní Súrùlérè rí oníwáyà lórí fóònù, ó ní fọ́tò iṣẹ́ ẹ̀ dáa, ló bá fowó ránṣẹ́, gbogbo owó o, kò ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù. Nígbà tó di oṣù kejì, òórùn rọ́bà tó ń jóná ló jí i lóru. Wọ́n la ògiri, wáyà 1.5 (nọ́ńbà yẹn ni bí wáyà ṣe nípọn tó) ni ọkùnrin yẹn fà lọ síbi éésì! 1.5 tí wọ́n fi ń fa iná gílóòbù! Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán gan-an, 2.5 ni, éésì ń fẹ́ 4. Wáyà tín-ín-rín ò lè gbé irú iná bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ń gbóná nínú ògiri títí rọ́bà ara ẹ̀ á fi yọ́. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Nọ́ńbà ọkùnrin yẹn ò lọ mọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, ohun tí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ǹtì bò. Pẹ́ńtà tó bá ṣe jákujàku, ojú yín á rí i, ẹ ó jà, ó parí. Wáyà ńkọ́? Paípù omi ńkọ́, irin inú òpó ńkọ́, ta ló ń wò ó?

Ní Làfíàjí tí mo dàgbà sí, wọ́n á kọ́kọ́ bi oníṣẹ́ pé ọwọ́ ta lo ti gba fírídọ́ọ̀mù, tó bá dárúkọ ọ̀gá ẹ̀, wọ́n á lọ bá ọ̀gá yẹn. Àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa níṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà, ẹ lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn, mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, 1894 ni wọ́n ṣí i, wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀. Bàbá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, nígbà tá à ń kọ́lé wa ní Mushin, ìdájí ló ti máa ń débẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Á mú búlọ́ọ̀kù kan, á fi kọ́kọ́rọ́ ha á lára, tó bá ti ń dà bíi gàrí, á ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ padà. Bíríkìlà bínú títí, ó ní oníwàhálà ni. Ilé yẹn ò lanu rí.

Ẹ máa ní àyè ò sí, pé ẹ ti gbọ́dọ̀ wà lọ́nà láago márùn-ún ìdájí torí gosílóò Third Mainland. Mo mọ̀. Ẹ wá ẹni tó máa dúró fún yín! Àbí kí ló dé gan-an? Owó ilé ọdún kan, owó éjẹ́ǹtì, owó lọ́yà, gbogbo ẹ̀ lẹ rí san, wákàtí méjì tẹ́ ẹ máa fi dúró ti oníwáyà lẹ ò ní! Ẹ ò rántí Ìta-Fàájì ni, 2019, ilé tó wó lu àwọn ọmọléèwé? Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀.

Ẹ fi fọ́tò orí fóònù sílẹ̀. Kí oníṣẹ́ mú yín dé ilé tó ṣe lọ́dún tó kọjá, kẹ́ ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ níbi tí òun ò sí. Tí aládùúgbò bá mọ púlọ́ńbà tó ti pẹ́ ládùúgbò, tí ìyàwó àtọmọ ẹ̀ wà ní òpópónà kejì, ẹ gbéṣẹ́ fún un, ibo ló fẹ́ sá lọ? Ẹ fúnra yín ra ọjà, ní Alábà tàbí Odúnadé ní Orílé, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ ha orí wáyà, tí inú ẹ̀ bá funfun, kì í ṣe kọ́pà, alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ni, ayédèrú ti pọ̀ jù. Tí oníṣẹ́ bá ní ìwé trade test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba, kó gbé e jáde, àmọ́ ìwé nìkan ò tó o.

Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tí wáyà àti paípù gbà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kan ìṣó ẹ máa wá a. Owó sì rèé, kó ṣe díẹ̀, kẹ́ ẹ san díẹ̀. Èyí tó bá kù, ẹ mú un dání fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tan éésì, ẹ tan áyọ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, ẹ pa iná, kẹ́ ẹ pè é kó wá tú u.