Ẹ Má Fi Ìjókòó Wo Orúnkún

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń fún ìyá wọn nígbà tí orúnkún bá ń ro wọ́n ló mú wa kọ̀wé: "Màmá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má rìn mọ́." Ìfẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àjókòójù ló ń sọ orúnkún tó ń ro di èyí tí kò gbéni mọ́.

Kèrékèré tó ń yọ̀ ló bo ìdí eegun itan àti orí eegun ojúgun níbi tí wọ́n ti pàdé. Kèrékèré yìí ò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá. Omi inú oríkèé, tí kì í kún ṣíbí tíì kan, ló ń bọ́ ọ. Tí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kèrékèré á fún omi jáde. Tí a bá gbé ẹsẹ̀, á tún fa omi mu bíi kànrìnkàn. Ẹni tí kò rìn, ebi ń pa kèrékèré rẹ̀ nìyẹn.

Ẹran iwájú itan ló ń gbé wa dìde lórí àga, òun náà ló ń dá wa dúró tí a bá ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Tó bá joro, orúnkún ló ń jìyà rẹ̀. Nítorí náà, kí Màmá jókòó sórí àga tó le, kí wọ́n na ẹsẹ̀ kan síwájú títí á fi tọ́, kí wọ́n ka ení dé àrún, kí wọ́n wá sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kó má já lulẹ̀ gbì o. Ìdajì iṣẹ́ náà wà nínú ìsọ̀kalẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá dùn wọ́n díẹ̀, tí ìrora náà sì lọ kílẹ̀ tó mọ́, kò séwu.

Ẹni tó bá sanra, kílò 1 tó bá fọ̀n, nǹkan bíi kílò 4 ló ń kúrò lórí orúnkún rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó ń dùn wá jù ni àdàlù oògùn ìrora tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tà, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kódà diclofenac tó lórúkọ, téèyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́, ó lè dá egbò sínú ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru.

Àmọ́ orúnkún tó ṣàdédé wú, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e, kì í ṣe ti eré ìdárayá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùtọ́jú oríkèé àti iṣan,
Ìbàdàn.