Ọmọ Mi, Fi Páálí Kan Ọkọ̀ Náà Ná

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lálẹ́ àná pé o fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ kan ọkọ̀ ojú omi kékeré, àti pé o ti ra ayùn. Inú mi dùn gan-an ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ibi tí o ti kọ ọ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó, àyà mi já. Jọ̀wọ́, má tíì fi ayùn kan pákó kankan. Orí tábìlì, níbi tí pẹ́ńsù àti páálí wà, ni ọkọ̀ ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́.

Ta ni yóò jókòó sínú rẹ̀, omi wo lo sì fẹ́ gbé e lọ? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọkọ̀ tí èèyàn méjì fi ń pẹja lórí odò tó dákẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí yóò kojú ìgbì òkun, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ọ̀kan lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. O ní ẹ máa jẹ́ méjì, pé odò tí kì í ru ni, pé àjẹ̀ lẹ máa fi wà á, pé orí mọ́tò lẹ ó máa gbé e sí lọ sódò. Ìyẹn ti tó mi láti gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ọkọ̀ abẹ́ pẹrẹsẹ ni kí o ṣe: pákó ìsàlẹ̀, pákó ẹ̀gbẹ́ méjì, pákó ìdí. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ rí roboto wuni lójú jù ú lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ òun ni èèyàn máa fi kọ́ṣẹ́. Jẹ́ kí ó gùn tó mítà 3.6, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 1 níbi tó gbòòrò jù, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 40.

Wá jókòó ti ìṣirò. Archimedes, ọmọ Gíríìkì, ti là á yé wa láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn pé ìwúwo omi tí ohun tó léfòó bá tì kúrò ní ààyè rẹ̀ bá ìwúwo ohun náà dọ́gba. Lítà kan omi odò sì wọn kílò kan, nítorí náà ìṣirò yìí kò le. Èèyàn méjì, ká fi wọ́n sí kílò 150. Àjẹ̀, okùn, ìdákọ̀ró àti ẹrù ẹja, kílò 20. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ká ní kílò 50. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 220, lítà omi 220 ni ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ tì kúrò. Ya àwòrán ìsàlẹ̀ ọkọ̀ sórí ìwé tí wọ́n fi ìlà pín sí onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, kí o ka àwọn onígun mẹ́rin tó wà nínú àwòrán náà. Nítorí pé iwájú rẹ̀ ń tín-ín-rín lọ, kò ní pé mítà 3.6 níbùú lóròó. Yóò jẹ́ bíi 2.4. Ìyẹn ni pé gbogbo sẹ̀ǹtímítà kan tí ọkọ̀ bá fi wọ omi ń gbé nǹkan bíi kílò 24. Pín 220 sí ọ̀nà 24: ó lé díẹ̀ ní 9. Ọkọ̀ rẹ yóò wọ omi ní sẹ̀ǹtímítà 9, nǹkan bíi 31 yóò sì ṣẹ́ kù lókè. Bí ẹni kẹta tó wọn kílò 72 bá bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé òun, sẹ̀ǹtímítà 3 ni yóò tún lọ sílẹ̀ sí i. O rí i pé ìwé ti sọ fún ọ kí odò tó sọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí ló kàn. Gé páálí bí ìwé rẹ ṣe wí, ṣùgbọ́n dín gbogbo ìwọ̀n kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá: gígùn sẹ̀ǹtímítà 36, ìbú 10, gíga 4. Sẹ̀ǹtímítà 9 tí ọkọ̀ yóò fi wọ omi náà di mìlímítà 9, nítorí náà fi pẹ́ńsù fàlà sí ẹ̀gbẹ́ páálí ní mìlímítà 9 láti ìsàlẹ̀. Fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán àwọn etí rẹ̀ pọ̀, kí o sì fi epo àbẹ́là gbígbóná kun inú àti ẹ̀yìn kí omi má baà wọ̀ ọ́. Nítorí pé o dín gígùn, ìbú àti gíga kù ní ìlọ́po 10 lẹ́ẹ̀kan náà, ìwúwo dín kù ní ìlọ́po 1,000. Kílò 220 di gíráàmù 220. Gbé páálí náà sínú abọ́ omi, da iyanrìn sí i títí gbogbo rẹ̀, tòun ti páálí, yóò fi jẹ́ gíráàmù 220. Bí ìṣirò rẹ bá pé, omi yóò dúró níbi mìlímítà 9 tí o fàlà sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i tí omi gun ẹ̀gbẹ́ páálí díẹ̀díẹ̀, tó sì dúró gẹ́lẹ́ sórí ìlà pẹ́ńsù mi, n kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Má tíì gbé e kúrò nínú omi. Di iyanrìn gíráàmù 75 sínú ọ̀rá kékeré méjì, kó wọn sínú rẹ̀ dípò ti tẹ́lẹ̀. Sún ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, kí o wo bí ọkọ̀ ṣe fì. Gbé ọ̀kan náà sórí páálí ìṣáná tó dúró lóòró, kí o tún sún un díẹ̀. Ẹni tó dìde dúró nínú ọkọ̀ nìyẹn. Wàá rí ìdí tí mo fi máa ń pariwo pé kí ẹ jókòó. Bí ó bá fì jù lójú rẹ, fi sẹ̀ǹtímítà kan kún ìbú páálí, kí o dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Páálí kò wọ́n.

Ní ti pákó, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ni kí o rà, plywood oní-mìlímítà 6. Bí ó bá ń ṣe ọ́ bíi pé kì í ṣe ojúlówó, gé ègé kékeré, sè é nínú omi fún wákàtí kan, jẹ́ kí ó gbẹ. Bí ìpele rẹ̀ bá ṣí, dá a padà fún ẹni tó tà á. Pákó kan sábà máa ń gùn ní mítà 2.44, nítorí náà o máa so méjì pọ̀. Fi ìfági fá ẹnu méjèèjì kí ó dà gẹ̀rẹ́, kí gẹ̀rẹ́ náà gùn tó ìlọ́po 8 nínípọn pákó, ìyẹn mìlímítà 48. Bí o bá ti lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí o sì ti gé pákó ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àti ìdí, rírán ni kí o fi tò wọ́n pọ̀ bí o ṣe rán páálí: lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí, fi wáyà bàbà rán wọn, kí o fi gọ́ọ̀mù epoxy àti aṣọ onígíláàsì lẹ ojú ìsopọ̀. Irú ìrán yìí ló sọ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Mirror di ọkọ̀ àwọn tó ń kanlẹ̀kùn ìmọ̀ kíkan ọkọ̀ nínú ilé. Jack Holt àti Barry Bucknell ló ṣètò rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti gbé e jáde ní 1963. Wọ ìbọ̀wọ́ bí o bá ń po epoxy, torí ó lè di èèwọ̀ fún awọ ara rẹ títí láé.

N ó sọ èyí tó ń dùn mí fún ọ. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kàn, n kò ta okùn sí àárín rẹ̀. Ojú ni mo fi ń wò ó, ojú sì ní ó gún. Nígbà tí mo gbé e sómi, apá òsì ló ń lọ. Odidi àsìkò kan ni mo fi rò pé apá ọ̀tún mi ló lágbára ju òsì lọ. Ìgbà tí mo dojú rẹ̀ dé, tí mo na okùn láti imú rẹ̀ dé igun ìdí méjèèjì, ni mo rí i pé ọ̀kan fi sẹ̀ǹtímítà 4 gùn ju èkejì lọ. Lílọ́ ti wọ inú rẹ̀, gọ́ọ̀mù sì ti gbẹ. Kò sí oògùn rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí epoxy tó kan ọkọ̀ tìrẹ, nígbà tó ṣì jẹ́ wáyà nìkan ló dè é, na okùn yẹn. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bí wọn kò bá dọ́gba, tú wáyà, kí o fà á.

Ṣe àpótí tí afẹ́fẹ́ kò lè jáde nínú rẹ̀ sí iwájú àti sí ìdí. Lóòótọ́ ọ̀pọ̀ igi kì í rì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó kún fómi kò lè gbé èèyàn méjì. Lítà kọ̀ọ̀kan nínú àpótí yẹn ń gbé kílò kan, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí i torí ibi ìkẹ́rù. Ẹ̀wù amúniléfòó ńkọ́? Ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, n kò ní bá ọ jiyàn lórí ìyẹn.

Ó kù kékeré kan: fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà yàrá tí o fẹ́ kàn án sí, kí o kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbú ọkọ̀ lórí ìwé. Má gbàgbé pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ máa ń tàn síta lókè, ìbú ibẹ̀ ni kí o fi wé e.

Bí o bá parí páálí náà, má dán an wò láìsí mi. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wá abọ́ tó fẹ̀ sílẹ̀, èmi á gbé òṣùwọ̀n wá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ