Lẹ́tà sí Mosún lórí fíìmù Ọbabìnrin Anne àti àwọn ehoro rẹ̀

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ 3, Oṣù Kẹta, 2019.

Mosún, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Màmá wa ní Òkè-Àdó. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín: Bùkọ́lá ti ríṣẹ́, orúnkún mi ti ń gbádùn díẹ̀díẹ̀, àpò gàrí tí o fi rán Bọ̀dé sì dé ọwọ́ mi láìtú.

Ohun tó mú mi jókòó ti ìwé dípò kí n tẹ̀ ọ́ láago ni ìbéèrè tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Ẹtì. O ní àbúrò rẹ ti bá ọ wá fíìmù The Favourite, nítorí ariwo tí gbogbo ayé ń pa láti ìgbà tí Olivia Colman ti gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar lọ́sẹ̀ tó kọjá, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni fíìmù náà ń pani lẹ́rìn-ín. Mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni", mo pa á rẹ́. Mo tẹ "rárá", mo tún pa ìyẹn náà rẹ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Nínú oṣù Kìíní tí wọ́n gbé e dé sinimá níbí, àwa obìnrin márùn-ún nínú ẹgbẹ́ àdúgbò wa la jọ lọ wò ó, nígbà tí a sì jáde, a dúró sí ibùdókọ̀ nínú òtútù, a ń jiyàn títí bọ́ọ̀sì méjì fi kọjá lójú wa tí ẹnikẹ́ni kò nawọ́ dá wọn dúró. Àlàájà kò tilẹ̀ wò ó tán. Ìsọkúsọ tó wà nínú rẹ̀ ló lé e jáde, ó sì lọ jókòó dè wá nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta gúgúrú. Ìyá Dámọ́lá ní owó òun ṣòfò, pé òun kò rí ẹni rere kan ṣoṣo tí òun lè gbè lẹ́yìn rẹ̀, àti pé bí wọ́n ṣe ya àwòrán náà, tí ògiri ààfin ń tẹ̀ kọrọdọ bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ilé láti inú ìgò omi, ti fún òun ní ẹ̀fọ́rí. Ṣadé ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, pàápàá níbi tí àwọn ìjòyè tó dé irun àtọwọ́dá ti ń fi pẹ́pẹ́yẹ sáré ìje nínú ààfin. Kẹ́hìndé tó ń ránṣọ kò sọ ohun mìíràn ju aṣọ lọ: ó ní Sandy Powell, tó ṣètò aṣọ fíìmù náà, fi jíìnsì àlòkù dá aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìdáná, ó sì ń fi ọwọ́ júwe ojú rírán rẹ̀ fún wa lábẹ́ iná títì. Wọ́n bi èmi náà pé kí ni mo rí. Mo ní ó rẹ̀ mí. Irọ́ ni mo pa.

Ohun tí fíìmù náà dá lé lórí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà nínú agbo ilé olórogún. Ọ̀rọ̀ ààyò ni. Ẹsẹ̀ ń dun Ọbabìnrin Anne, tó jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1702 sí 1714, débi pé wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ tì í kiri. Sarah, ìyàwó Ọ̀gágun Marlborough, ni ààyò rẹ̀, òun ló sì ń bá a pàṣẹ ìlú. Abigail, ìbátan Sarah tí ìyà ti jẹ délẹ̀, wọlé bí ọmọ ọ̀dọ̀, ó fi ewé tọ́jú ẹsẹ̀ ọba, kò sì pẹ́ tó fi gba ipò mọ́ ẹni tó mú un wọlé lọ́wọ́. Gbogbo ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí tí wọ́n ta sí ara wọn ló ń pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́, títí kan ìgbà tí májèlé wọ inú tíì. Olùkọ́ ìtàn kan tó ń gbé lókè wa bínú pé a kò rí George, ọkọ ọba, nínú rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà wà láyé títí di 1708. Ẹ̀sùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí.

Ehoro ló dùn mí, Mosún. Ehoro 17 ni ọba náà ń sìn nínú yàrá rẹ̀, ó ń tú wọn sílẹ̀ kúrò nínú àgò, ó sì ń pè wọ́n lórúkọ. Ìgbà tí Abigail béèrè ni a tó mọ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún ọmọ kan tó bọ́ mọ́ ọba lọ́wọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa níbẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi, nítorí bí Colman ṣe ṣe é, ojú ọba náà dà bí ti ọmọdé tó ń fi ohun ìṣeré rẹ̀ han àlejò, àwọn àgbà wa sì ti sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí gúgúrú tí mo gbé lẹ́sẹ̀.

Àwọn tó ṣe fíìmù ló dá ọ̀rọ̀ ehoro sílẹ̀. Oyún 17 ni kì í ṣe àròsọ. Púpọ̀ nínú wọn ló bàjẹ́, tàbí kí ọmọ wá sáyé láìmí. Ìgbóná mú ọmọbìnrin rẹ̀ méjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní 1687. William, tó pẹ́ jù lọ nínú wọn, kú ní 1700 ní ọmọ ọdún 11. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, wọn ì bá ti sọ èyí ní Málọmọ́, wọn ì bá sọ tọ̀hún ní Kòsọ́kọ́, wọn ì bá sì máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí wọ́n ti sọ lẹ́yìn rẹ lọ́dún náà lọ́hùn-ún, tí èmi pẹ̀lú rẹ jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, tí o ń hun fìlà yẹ́lò yẹn, tí o ń tú u, tí o tún ń hun ún.

Fíìmù náà dára, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, ẹni tó bá sì ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ìdajì rẹ̀ ló wò. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Abigail gbé bàtà lé ehoro kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ehoro náà sì ké. Ìyá Dámọ́lá ní ibẹ̀ ni òun ti kórìíra rẹ̀ pátápátá. Èmi dijú. Ìgbà tí mo lajú, ojú ọba àti ti Abigail ti dà pọ̀ mọ́ ti àwọn ehoro lójú àwòrán, kò sì pẹ́ tí iná fi tàn. Ẹnì kan ń béèrè pé ṣé ó ti parí ni.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe dá a wò, má sì jẹ́ kí àbúrò rẹ tan án ní pálọ̀ níbi tí àwọn èèyàn yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ni n ó wọlé, kí ọdún Àjíǹde tó dé. Jẹ́ ká jọ wò ó, èmi àti ìwọ nìkan, kí n lè dá a dúró bó bá ku díẹ̀ kó kan ibi bàtà yẹn.

Ó tún ku ohun kan. Ọba yẹn ní orúkọ tó ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí èyí tó pé ọjọ́ mẹ́jọ nínú àwọn mẹ́ta tìrẹ, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́ orúkọ wọn, èmi tí mo sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré kò béèrè rí. Mo mọ̀ pé o ní orúkọ fún wọn. Bí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kọ wọ́n sínú ìwé, kí o fún Bọ̀dé tó mú lẹ́tà yìí wá, kó mú un bọ̀ wá fún mi. Mo fẹ́ mọ bí n ó ṣe máa pè wọ́n.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àdùkẹ́