Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ ogun ojú omi tó ja ogun abẹ́lé

Sí Olóòtú,

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970, ìjà orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rántí, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ló gbé àwọn jagunjagun gúnlẹ̀ sí Bonny ní oṣù Keje ọdún 1967 àti sí Calabar ní oṣù Kẹwàá, tí wọ́n sì dí ojú òkun mọ́ Biafra. Ìdènà yẹn dá kún ebi tó pa ọ̀pọ̀ aráàlú, ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà, nítorí ẹni ogún ọdún ìgbà yẹn ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì wọn ló dùn mí jù. Abala 173 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 pàṣẹ pé kí a máa ṣàtúnyẹ̀wò rẹ̀ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí a bá ṣàtúnyẹ̀wò owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Kò yẹ kí arúgbó tó ń tẹ̀pá lọ fi ẹ̀hónú hàn l'Ábújá kó tó rí ohun tí òfin ti fún un gbà.

Mo rọ ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n kéde ọjọ́ tí wọn yóò san gbogbo àfikún tó kù, kí wọ́n sì mú ìwé àwọn opó wọn yá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín