Ohùn Bàbá Wà Lọ́dọ̀ Rẹ

Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó ńkọ́, ṣé ara àwọn ọmọ le? Gbogbo ilé ń kí yín. Bọ́sẹ̀ ti bí ìbejì, takọ-tabo. Ìjì ṣí òrùlé ẹ̀yìnkùlé, a ti tún un kàn. Ẹsẹ̀ Màmá ń san díẹ̀díẹ̀.

Ìwọ tí o wà ní Sydney, ṣé o ti rí ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní regent honeyeater? Dúdú ni, wọ́n fi àwọ̀ ìyeyè dárà sí i níyẹ̀ẹ́. Ọmọ mi tó wà ní Yunifásítì ló kà nípa rẹ̀ sí mi létí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, n kò sì tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó ní agbo ńlá ńlá ni wọ́n fi ń fò nígbà kan. Wọ́n wá gé igi eucalyptus tí wọ́n ń mu oje òdòdó rẹ̀, wọ́n sọ igbó di oko. Èyí tó kù nínú igbó báyìí kò tó 300.

Ti ohùn wọn ló dùn mí jù. Ẹyẹ yẹn kì í gbé orin ti ọ̀run wá. Ọ̀dọ́ akọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà akọ kó tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n ti tú ká, ọ̀dọ́ lè fò kiri títí kó má pàdé àgbà kan, orin ẹyẹ mìíràn tó bá gbọ́ ni yóò máa kọ. Àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ sọ ní 2021 pé nínú akọ 100, bíi 12 ni kò mọ orin ìran tirẹ̀ rárá mọ́. Akọ tí orin rẹ̀ bá ti yàtọ̀, àǹfààní rẹ̀ láti rí abo bá kọ́ ìtẹ́ máa ń dín kù.

Àjàní, mo ti rí ẹyẹ yẹn ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Lóṣù tó kọjá a sin Bàbá Ọdẹ ti Mọ̀ọ̀rẹ̀, wọ́n sì ní kí Táyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, sun ìrèmọ̀jé, arò tí àwọn ọdẹ fi ń dágbére fún ọdẹ tó kú. Ọmọ ọdún 14. Ó wọ gbérí Bàbá mi, apá rẹ̀ gùn kọjá ọwọ́ ọmọ náà. Ó la ẹnu, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n ohùn fújì ló ń fi gbé e. Ó mú oríkì ẹfọ̀n, ó dé ìlà kẹta, ó dákẹ́, ló bá fa orin tí wọ́n fi ń polówó káàdì fóònù lórí rédíò bọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n ń náwó fún un. Àwọn ọdẹ àgbà mẹ́ta tó jókòó tì mí ń wolẹ̀. Ọ̀kan ń fi èékánná ha ìdí ìbọn rẹ̀, kò wí nǹkan kan.

N kò lè bá ọmọ náà wí. Ta ló kọ́ ọ? Èmi ọmọ bíbí inú Bàbá, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo sá lọ kọ́. Ìwọ lo gbé fìtílà tẹ̀lé e lóru. Lálẹ́ ọjọ́ tí o máa rìnrìn àjò, ó ní kí o sun ti ẹfọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí òun tó súre fún ọ. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́, n kò kó ìlà kan sórí.

Ní ọgbà ẹranko Taronga, ní Sydney yín níbẹ̀, wọ́n ti ń sin ẹyẹ náà láti 1995, wọ́n sì ń tú lára wọn sínú igbó. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ kò mọ orin ìran wọn. Wọ́n fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kọ́ wọn, kò wọ̀ wọ́n létí. Ìgbà tí wọ́n mú akọ méjì tí wọ́n bí nínú igbó wá sáàárín wọn, tí wọ́n sì dín iye ọmọ tó ń gbọ́ ti àgbà kan kù, láàárín ọdún mẹ́ta, 42 nínú 100 ló mọ̀ ọ́n. Àárín ìgbà yẹn náà ni orin ọ̀hún ní pípé rẹ̀ parẹ́ nínú igbó. Inú ọgbà yẹn ló kù sí.

Kásẹ́ẹ̀tì tí a gba ohùn Bàbá sí wà lọ́wọ́ mi, Táyọ̀ ti gbọ́ ọ títí téèpù rẹ̀ fi ń há. Kò gbọ́ ibi tí Bàbá ti ń mí, kò sì rí ẹni tí yóò sọ fún un pé, "Rárá, padà, fà á díẹ̀." Nínú gbogbo àwọn tó kọ́ ọ lẹ́nu Bàbá, ìwọ nìkan ló kù láyé.

Wá sílé ní Disẹ́ńbà, jọ̀wọ́. Bí owó ọkọ̀ òfuurufú bá wọ́n jù, máa pe Táyọ̀ lálẹ́ Sátidé, ní aago mẹ́sàn-án tiwa. Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú á ti mọ́ lọ́dọ̀ yín. Fún un ní ìlà kan, kó gbà á lẹ́nu rẹ, kí o tó fún un ní òmíràn. Mo ti sọ fún un pé o máa pè. Láti àárọ̀ ló ti ń bi mí bóyá Sátidé yìí ni.

Èmi ni tìrẹ,
Àkànbí