Lẹ́tà Cato sí Késárì ní Leeds

Késárì, ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fẹ́ pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe èyí tí nẹ́tíwọ̀kì yóò máa já mọ́ni lẹ́nu. Mo kúkú mú bírò. Bó o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, rín in tán kó o tó kà á lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló dá a sílẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn SS2 ní Government, mo bá yà kúrò lójú ọ̀nà sílábọ́ọ̀sì, mo gba Róòmù lọ. O mọ̀ mí: láti Ìbàdàn ni mo ti ń gbè sẹ́yìn Cato, tí ìwọ ń gbè sẹ́yìn Késárì, tí orúkọ wọn fi mọ́ wa lára. Mo sọ ti ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, ọdún 63 ṣáájú ìbí Kristi, fún wọn. Wọ́n ti mú márùn-ún nínú àwọn tó bá Catilina, ọlọ́lá tó fẹ́ fipá gba ìjọba, dìtẹ̀, Cicero tó wà lórí oyè consul, ipò ìṣèlú tó ga jù ní Róòmù, sì ń bi ilé ìgbìmọ̀ léèrè ohun tí wọn yóò fi wọ́n ṣe. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní pípa ni. Késárì dìde, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní kí wọ́n má pa wọ́n, kí wọ́n gba dúkìá wọn, kí wọ́n sì pín wọn sí àtìmọ́lé káàkiri àwọn ìlú Ítálì. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára débi pé àwọn tó ti ní kí wọ́n pa wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn padà. Àfìgbà tí Cato, ọmọ ọdún 32, bọ́ síwájú, tó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fún àwọn márààrún lọ́rùn pa nínú ẹ̀wọ̀n.

Mo wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìwé pélébé. (Ṣé o ti ń rẹ́rìn-ín?) Ìjíròrò ń lọ lọ́wọ́, ẹnìkan mú lẹ́tà kékeré wọlé fún Késárì. Cato figbe ta: ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ló ti wá! Késárì ò bá a jiyàn, ó na ìwé náà sí i. Cato wò ó, lẹ́tà ìfẹ́ ni, Servilia ló kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n Cato, ọmọ ìyá kan náà! Ó jù ú padà fún un: "Gbà, ọ̀mùtí." Kíláàsì dàrú. Ọmọ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ wá nawọ́ sókè: "Sà, nínú àwọn méjèèjì, ta lẹ máa dìbò fún?"

Mo lanu láti sọ pé Cato. Ọ̀rẹ́ mi, kò jáde.

Ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa ló fà á. Wọ́n ní kí n wá du ipò alága. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá wọn yẹ ìwé owó wò, kọ́bọ̀ ò sọnù. Mo gbà. Ni ẹnìkan bá tún jáde. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó mọ orúkọ ọmọ gbogbo èèyàn, kò sí òkú tí wọn ò bá a nídìí ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹgbẹ́ lówó, òun ni yóò ní "ẹ jẹ́ ó ṣe díẹ̀díẹ̀." Òun alára sì wà nínú gbèsè dọ́rùn, bíi ti Késárì tí àwọn olówó ò fẹ́ jẹ́ kó gbéra lọ ṣe gómìnà ní Sípéènì, àfìgbà tí Crassus, ọlọ́rọ̀ Róòmù, dúró fún un lórí 830 tálẹ́ńtì. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí pé ta ni yóò dìbò fún irú èyí. Ó ní, "Èmi." Ó ní láti ọdún mẹ́rin yìí, mi ò bi òun rí pé báwo ni nǹkan.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tún ṣí ìwé Sallust, òpìtàn Róòmù. O rántí ibi tó ti gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n: Késárì gbayì torí ó ń fúnni, ó ń ranni lọ́wọ́, ó ń foríji èèyàn, Cato gbayì torí kò ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Nígbà tá a wà ní Ìbàdàn, ti Cato yẹn ni mò ń kà lákàtúnkà. Báyìí, ó ń bà mí lẹ́rù.

Màmá ń kí ọ, orúnkún ti ń gbóògùn. Òrùlé ti tún ń jò. Ọmọ mi kejì ti wọ yunifásítì, ó lóun ò ní ka Latin, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ibi tó o ti máa ń borí mi nínú àríyànjiyàn wa ni ti ọdún 60 ṣáájú ìbí Kristi. Késárì ti Sípéènì dé, ó fẹ́ ṣe ìwọ́de ìṣẹ́gun, ó tún fẹ́ du consul. Ẹni tó bá máa dupò gbọ́dọ̀ wọ ìlú wá forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ti wọ ìlú, ìwọ́de rẹ̀ ti bọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rán èèyàn. Cato dìde, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ilé má baà rójú dá a lóhùn. Késárì bá gbé ìwọ́de jù sílẹ̀, ó wọ ìlú, ó sì wọlé ìbò. Èmi ń pàtẹ́wọ́ fún elénu gígùn. Mi ò rí i pé ẹni tó lè sọ ohun tó wù ú jù nù láàárín ọjọ́ kan, ẹni tó yẹ kéèyàn sá fún nìyẹn. Pompey, ọ̀gágun ńlá Róòmù, náà kọ́kọ́ fẹ́ gbéyàwó nílé Cato. Àwọn obìnrin ilé ti ń yọ̀, Cato ní ẹnikẹ́ni ò lè gba yàrá obìnrin wọlé mú òun. Ó di ọdún 59, Pompey fẹ́ Julia ọmọ Késárì. Àna ti dé, ó parí.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí orí rẹ wú. Lọ́dún 46, tí Késárì ti ṣẹ́gun ẹgbẹ́ Cato lójú ogun, tó sì ń bọ̀ ní Utica ní Áfíríkà níbi tí Cato wà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé yóò foríji Cato. Cato ka ìwé tí Plato, amòye Gíríìkì, kọ lórí ọkàn, ó fi idà gún ara rẹ̀ níkùn. Dókítà rán ojú ọgbẹ́ náà, Cato fọwọ́ ara rẹ̀ já a. Lójú tiẹ̀, ẹni tó bá gba ìdáríjì ti gbà pé ẹni tó dárí ji òun lágbára lórí òun. Agídí lo máa ń pè é. Àánú Késárì yẹn, èmi ń rí ìwé gbèsè nínú ẹ̀. Brutus ọmọ Servilia gba tiẹ̀, ọ̀bẹ ló fi san án: ó wà lára àwọn tó gún Késárì pa.

Ó dáa. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ wà nínú ẹgbẹ́ wa, èèyàn mọ́kànlá ló sì ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó dìbò. Bá mi pe ẹ̀gbọ́n náà. Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ: pé Cato ló ní kí ilé ìgbìmọ̀ pa á láṣẹ pé kí olúkúlùkù máa tọrọ ìbò fúnra rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ má bá ọ̀rẹ́ tọrọ, tí òun alára ò wá lè kí ẹnikẹ́ni, tó fi pàdánù consul ọdún 51. Má sọ ọ́. Ṣáà pè wọ́n kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo rán ọ. Rárá, sọ fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu géètì wọn, tí mo sì yí padà.

Lọ́jọ́ tí Cato pàdánù ìbò yẹn, ó fi òróró para, ó lọ ṣeré bọ́ọ̀lù. Orúnkún tèmi náà ò gbé e mọ́, nítorí náà, pe ẹ̀gbọ́n rẹ.

Èmi ni,
Cato tìrẹ