Kí Ẹnikẹ́ni Tó Fọwọ́ Kan Ọ̀pá Ẹ̀yìn Yín

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn pọ̀ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ẹ lọ sí Tákìé nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo àwọn ìyá wa bí wọ́n ṣe ń dìde nídìí ọjà wọn, ọwọ́ kan á wà lórí orúnkún, èkejì á wà ní ìbàdí. Ẹ wo àwọn ọlọ́kadà, ẹ wo àwọn bírikìlà, ẹ wo àwọn tó ń yan gàrí láti òwúrọ̀ dalẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 619 ni ìbàdí ń dùn káàkiri ayé lọ́dún 2020, kò sì sí àìsàn mìíràn tó ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ tó o.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé àwọn èèyàn wa ti ń béèrè chiropractic, iṣẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán to eegun ẹ̀yìn, láìlo abẹ́rẹ́, láìlo abẹ. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ti rí i. Ẹni kan á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á gbá a lọ́rùn mú, wọ́n á yí i lẹ́ẹ̀kan náà, yóò dún gbàkà, onítọ̀hún á dìde pẹ̀lú ẹ̀rín, á ní ara òun ti fúyẹ́. Kò sẹ́ni tí ẹ̀yìn ń dùn tó máa rí èyí tí kò ní wù ú.

N kò wá bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà o. Iṣẹ́ tó ní ilé ẹ̀kọ́ ni, tó sì ní òfin láwọn orílẹ̀-èdè tó ti fìdí múlẹ̀. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1895, nílùú Davenport, ìpínlẹ̀ Iowa, Daniel David Palmer tẹ eegun ẹ̀yìn Harvey Lillard, adúláwọ̀ kan tó ń tọ́jú ilé tí Palmer ti ń ṣiṣẹ́, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ fún ọdún 17. Palmer ní etí náà là. Láti ibẹ̀ ló ti lọ kọ ọ́ pé eegun tó yẹ̀ ló ń fa 95 nínú 100 àìsàn. Ìmọ̀ ìṣègùn kò gba ìyẹn wọlé, ọ̀pọ̀ chiropractor òde òní gan-an kò sì sọ ọ́ mọ́. Èyí tí ìwádìí fara mọ́ ni pé títo ẹ̀yìn lè dín ìbàdí dídùn kù. Ìlànà tí WHO gbé jáde lọ́dún 2023 lórí ìbàdí tó ti ń dun àgbàlagbà tipẹ́ kà á mọ́ àwọn ìtọ́jú tí wọ́n lè lò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré ìdárayá àti ìlanilọ́yẹ̀. Kì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Kì í wo ìtọ̀ ṣúgà. Kì í sọ àgàn di ọlọ́mọ. Ẹni tó bá ṣèlérí ìyẹn fún yín, àpò yín ló ń wò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́ dì mú ṣinṣin kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹnu ni kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ojú ni kó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ni kó kẹ́yìn. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní kí ẹ dùbúlẹ̀ kó tó bi yín ní ohun tó ń ṣe yín, ẹ mú báàgì yín, kí ẹ máa lọ sílé.

Ìyá kan ládùúgbò wa rí èyí lára, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n sọ ọ́ kó lè ṣe ẹlòmíì láǹfààní. Gàrí ló ń yan. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún fún bí oṣù mélòó kan, àárín ẹ̀yìn gan-an, kì í ṣe ìbàdí. Òru ló máa ń le jù. Aṣọ tó bá fi sùn á rin fún òógùn, ìró ń yọ bọ́ nídìí rẹ̀ torí pé ó ń rù, ṣùgbọ́n wàhálà iná gàrí ló kà á sí. Ìgbà tí àwọn kan pa àgọ́ sẹ́bàá ọjà, tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn pe èèyàn pé kí wọ́n wá to ẹ̀yìn, ìyá lọ. Wọ́n gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó dojú bolẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ọmọkùnrin kan to àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì léra wọn, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ láàárín ẹ̀yìn, ìyá figbe ta. Wọ́n ní ara ló ń tú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo, ó ń di ògiri mú kó tó lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nílé ìwòsàn ni wọ́n ti ya X-ray, tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, tí wọ́n rí i pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ti wọ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì ti jẹ eegun méjì níbẹ̀.

“Ikọ́ ẹ̀gbẹ kẹ̀? Màmá ò kúkú wúkọ́!” Ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wí nìyẹn. Àìsàn yìí lè ba sínú eegun ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ikọ́ kankan hàn. Láti ọdún 1779 ni Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣàlàyé irú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà ṣì fi ń pè é títí dòní. Oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba, ìyá náà sì ti ń rìn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n eegun tí àìsàn ti jẹ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi agbára tẹ̀. Ìbéèrè díẹ̀ ni ì bá ti kó o yọ: ṣé ó máa ń dùn yín lóru tí ẹ bá sinmi? Ṣé ẹ ń rù? Ṣé ibà ń ṣe yín, àbí ẹ ń làágùn lóru? Ṣé ẹ ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí jẹjẹrẹ rí?

Ẹ̀yin náà, tí wọ́n bá bi yín, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́. Bí ẹ bá ti jábọ́ lórí ọ̀kadà, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá lóyún, ẹ sọ ọ́. Ẹni tó ní sickle cell gbọ́dọ̀ wí, torí àìsàn yẹn lè ba eegun ìbàdí àti ti ẹ̀yìn jẹ́ láìjẹ́ pé ó hàn lójú. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, kò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ẹ ń rà ní kẹ́místì fún ara ríro dání. Èyí ṣe pàtàkì gidi níbi tiwa. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tó ti fi ọdún gbáko gbé prednisolone mì láìmọ orúkọ rẹ̀, torí pé inú ọ̀rá ni wọ́n ń pò ó sí fún wọn. Oògùn yìí máa ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́ tó bá pẹ́ lára, eegun ẹlẹgẹ́ sì lè kán lábẹ́ ọwọ́ tó le.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni àyẹ̀wò. Ẹni tó mọṣẹ́ á ní kí ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ tẹ̀ sẹ́yìn. Á ní kí ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn lọ, kí ẹ fi gìgísẹ̀ rìn bọ̀, kó lè mọ̀ bóyá iṣan tó ti ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ṣì lágbára. Á ní kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ yín sókè gbọọrọ láìjẹ́ kí orúnkún ká, á máa béèrè ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ń gbà lọ. Á fi òòlù rọ́bà kékeré gbá abẹ́ orúnkún yín, á wo bí ẹsẹ̀ ṣe ta. Á fi òwú ra ẹsẹ̀ yín lọ́tùn-ún lósì, á bi yín bóyá bákan náà ló rí. Àwọn ìyá wa máa ń kà á sí ìfàkókòṣòfò, wọ́n á ní “ẹ̀yìn ni mo ní ó ń dùn mí, kì í ṣe ẹsẹ̀.” Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn dídùn ló nílò X-ray, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò nílò àyẹ̀wò yìí. Obìnrin tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tàbí obìnrin mìíràn dúró ti òun nínú yàrá ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ẹ má jẹ́ kí ariwo tó ń dún tàn yín. Kì í ṣe eegun ló ń padà sáyè rẹ̀. Omi wà nínú oríkèé, tí wọ́n bá fà á lójijì, afẹ́fẹ́ inú omi náà á hó, ohun tó ń dún nìyẹn. Bí kò bá dún, kò túmọ̀ sí pé owó yín wọgbó. Ibi tí wọ́n tẹ̀ lè máa ro yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ìyẹn kì í ṣe ohun ìjayà. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń kú, bí ìdí àti abẹ́ bá ń kú tìpìrì, tàbí tí ẹ kò lè tọ̀, tàbí tí ìtọ̀ ń dà láìmọ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ti wà nílé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ wọ́n ti to ẹ̀yìn yín tàbí wọn kò ì tíì tò ó.

Ti ọrùn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ gba inú eegun ọrùn kọjá. Kì í ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé iṣan náà ya lẹ́yìn tí wọ́n yí ọrùn lójijì, tó sì di rọpárọsẹ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀, tí ojú ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu, ẹ má lọ sùn lé e. Ẹ sì lè sọ fún ẹni tó ń tọ́jú yín pé “ẹ má yí mi lọ́rùn,” yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà. Nítorí Ọlọ́run, ẹ sọ ọ́ fún àwọn onígbàjámọ̀ náà, àwọn tó máa ń gbá oníbàárà lágbọ̀n mú lẹ́yìn tí wọ́n gẹrun tán, tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ tú u lára.

Ní ti owó, ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ló máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá bí onítọ̀hún kò bá kàn dùbúlẹ̀ síbì kan. Nítorí náà, ẹni tó ní kí ẹ san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ń kánjú jù. Ẹ bi í pé ìgbà mélòó ni ẹ máa wá, kí sì ni ẹ máa fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ bi í níbi tó ti kọ́ṣẹ́, kí ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn yín. WHO ti là á sílẹ̀ lọ́dún 2005 pé ẹ̀kọ́ chiropractic kíkún kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 4,200. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí, wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì ní Durban àti Johannesburg ní South Africa. Kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń wò kọ́ lórí fóònù.

A ò sì ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó yẹ̀ wá wò. Ilé ìwòsàn Bowen wà nílùú yìí, èyí tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ lọ́dún 1907, ti LAUTECH náà wà, àwọn méjèèjì ló sì ní ẹ̀ka físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú eegun àti iṣan tó ń dunni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí yín níbẹ̀.

Olóòtú wa, ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Ẹ bá wa bi Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́: ta ló ń fún àwọn tó ń pa àgọ́ to ẹ̀yìn láyè sẹ́bàá ọjà, ta ló sì ń wo ìwé àṣẹ wọn? Bí wọ́n bá fèsì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ewé yín kí gbogbo wa kà á.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Ògbómọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.